Pẹpẹ Ògiri Ìdáná Ìyá Mi

Ní ọdún tí táìsì wọ ilé wa ní Garki, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ìbátan kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Maitama ti di ọlọ́lá lójú ara rẹ̀. Tiwa ni Bọ̀ọ̀dá Làmídì, àbúrò bàbá mi, tó ń lẹ táìsì mọ́ ògiri àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n ń kọ́ lọ́hùn-ún nígbà náà. Bí iṣẹ́ bá parí, á padà sí Karmo, sí yàrá kan tí òun àti àwọn ọmọ Ìṣẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀ há mọ́ra wọn sí. Ẹni tó ń tò lórí ìlà kó tó wẹ̀ nínú balùwẹ̀ páànù ló ń ròyìn balùwẹ̀ mínísítà fún wa. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Bó bá jẹun tán, á fẹ̀yìn ti ògiri, á na ẹsẹ̀, á máa fi igi tayín, á wá bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin ò tíì rí nǹkan kan nínú Abuja yìí o." Òótọ́ ni, a ò tíì rí nǹkan kan. Àwa tí a gún iyán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ, tí a bu omi ìfọwọ́ fún un, tí a sì máa fọ abọ́ rẹ̀, àwa gan-an la ò tíì rí nǹkan kan.

Ilé kékeré tí ìjọba fún bàbá mi nítorí iṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ ni a ń gbé, ilé tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá sín ní pálọ̀, ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé á ní "pẹ̀lẹ́". Ìró inú ilé náà kò tíì kúrò létí mi títí di òní. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ní fàráǹdà, tó máa ń yára dún bí ọjọ́ aṣọ oníbàárà bá ti kọjá, rédíò bàbá mi, tí kì í yí wálẹ̀ fún ọba, sítóòfù elépo òyìnbó tó ń mí hùù bí ẹni tó sáré, àti Ìyá Ládì, aládùúgbò wa, tó máa ń ké "sànnu o!" láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà, tí ìyá mi á sì fi ohùn Yorùbá Òkun rẹ̀ dáhùn pé "yauwa!", bí ẹni pé Kàbbà ni wọ́n ti dá èdè Hausa sílẹ̀. Ilé ìdáná wa kò fẹ̀ ju ibi tí ewúrẹ́ méjì lè dùbúlẹ̀ sí. Pèpéle sìmẹ́ńtì kan wà níbẹ̀ tó ga dé orúnkún àgbà. Orí rẹ̀ ni sítóòfù wà, ìyá mi á sì jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀. Ìjókòó la fi ń dáná nílé wa. Ìjókòó la fi ń lọ ata, ìjókòó la fi ń ṣa ẹ̀wà, ìjókòó náà la fi ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí sọ́kàn, nítorí pé ẹni tó yẹ kó fi sọ́kàn kò fi sọ́kàn. Ògiri ẹ̀yìn sítóòfù ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Epo ti ta sí i, tòmátò ti gbẹ mọ́ ọn, bí o bá sì fi ìka kàn án, ọṣẹ lo máa wá lọ.

Kí n tó máa bọ́rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ipò Bọ̀ọ̀dá Làmídì nínú ilé, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ há sí. Ìyá mi dàgbà jù ú lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ní agboolé àwọn bàbá mi ní Ìṣẹ́yìn, ẹni tí ìyàwó bá ti bá nínú ilé, ọkọ rẹ̀ ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ láéláé. Á wá orúkọ dídùn kan fún un, ìyẹn ni á máa fi pè é títí ọjọ́ ikú. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ìyá mi wọlé, Làmídì ń ti ilé ìwé bọ̀ pẹ̀lú síléètì lábẹ́ apá, ni ìyá mi bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Àdúrà ni. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà tó pọ̀ lọ́dún yẹn, kò kàn gbọ́ ìyẹn ni. Akọ̀wé sá kúrò nílé ìwé, ó di onítáìsì, ṣùgbọ́n orúkọ kò ṣeé bọ́ bí ẹ̀wù. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe ń pe ọmọ tó ti wẹ̀ fún rí ní "Akọ̀wé ọkọ mi", tó ń bọ̀wọ̀ fún un bí àgbàlagbà, tí ọmọ náà á sì na ẹsẹ̀, á ní, "Ìyàwó mi, o káre." Kò sí ohun tó ń dùn mọ́ ọkùnrin tó ń gbé ní Karmo tó kí wọ́n pè é ní ọkọ níbi tí kò ti san owó orí ẹnikẹ́ni.

Ìyá mi ní àwo. Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ náà o. Àwo tánganran ni, etí rẹ̀ ń dán bíi wúrà, òdòdó búlúù yí i ká, ó ní ọmọrí, bí ẹ bá sì fi èékánná kàn án, á dún bí agogo kékeré. Ìyá tó bí ìyá mi ló rà á, tó kó o pamọ́ de ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ní ilé wọn lẹ́bàá Kàbbà. Ìyá náà kú kí ọjọ́ tó pé. Nígbà tí ìyá mi ń lọ sílé ọkọ, àwọn ẹbí ṣì ń jà lórí ẹrù òkú, wọ́n ti yàrá pa, àwo sì wà nínú rẹ̀. Báàgì kan ṣoṣo ló gbé wọ Ìṣẹ́yìn. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìṣẹ́yìn, wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìyàwó yìí dé bí ẹni tó ń lọ ra ata." Gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kú mọ́. Wọ́n sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ mi, wọ́n sọ ọ́ níbi ti àbúrò mi. Bí ìyá mi bá gbé ọbẹ̀ tó dùn kalẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i, ata tó lọ rà nìyẹn." Wọn kì í fi ìjà sọ ọ́ rárá, ẹ̀rín ni. Ta ló máa bínú sí ẹ̀rín?

Nígbà tí wọ́n ṣí yàrá náà níkẹyìn, tí àwo dé ọwọ́ ìyá mi, a ti kó wá sí Abuja. Ta ni kó wá fi hàn? Ṣé kó gbé e rù kó máa polówó rẹ̀ káàkiri Garki ni? Abẹ́ ibùsùn ló wà, wọ́n fi bébà ìwé ìròyìn wé e. Lọ́sàn-án míì, bí bàbá mi bá wà níbi iṣẹ́, ìyá mi á fà á jáde, á nù ún, á tún wé e padà. Mo bá a lẹ́ẹ̀kan tó ń sunkún lé e lórí. Ó ní àlùbọ́sà ni. Kò sí àlùbọ́sà nínú yàrá yẹn.

Ẹnì kan tó ti ilé bọ̀ ló mú ìròyìn wá pé Ìyá Ìṣẹ́yìn ń bọ̀ wá wò wá, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dé Abuja. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e gan-an ni Akọ̀wé jẹun tán, tó na ẹsẹ̀, tó ń ròyìn ilé ìdáná ọ̀gá kan ní Maitama. Ó ní táìsì ni wọ́n fi bo gbogbo ẹ̀yìn sítóòfù, epo tó bá ta sí i, àkísà ni wọ́n fi ń nù ún kúrò. Ó tún ní wọ́n gbẹ́ pẹpẹ sínú ògiri náà láàárín táìsì, wọ́n wá to àwo olówó iyebíye síbẹ̀ fún ojú lásán. Wọn kì í fi jẹun. Ìyá mi, tó ń kó abọ́, dúró. "Akọ̀wé ọkọ mi," ló wí, "ẹ tún un sọ." Akọ̀wé tún un sọ, pẹ̀lú àfikún. Mo rí i lójú ìyá mi pé ó ti gbé àwo tirẹ̀ síbẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ìyá Ìṣẹ́yìn kì í jókòó ní pálọ̀ ẹnikẹ́ni. Ilé ìdáná ló máa ń wọ̀ tààrà, á jókòó sórí àpótí, á máa ṣọ́ iyọ̀. Bó bá jókòó, iwájú ògiri yẹn ló máa wà. Ìyá mi kò ní la ẹnu rárá. Kò ní sí ẹni tó máa ní ó ń fọ́nnu. Ògiri ló máa bá a sọ ọ́.

Ẹ ò rí inú Akọ̀wé bó ṣe dùn! Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti ń ru táìsì bọ̀ nínú àpò ìrẹsì, ìyókù tí àwọn ọ̀gá ní kí wọ́n kó dànù: aláwọ̀ ewé mélòó kan, funfun olódòdó, àwọ̀ ilẹ̀, àti àfọ́kù lóríṣiríṣi. Ìyá mi tẹ́ ẹní sí fàráǹdà, ó to táìsì sórí rẹ̀ bó ṣe máa ń to aṣọ kó tó gé e. Ó fi àwọn olódòdó yí àyè pẹpẹ ká, ó fi aláwọ̀ ewé ṣe etí, ó kó àfọ́kù lọ sókè pátápátá níbi tí èéfín máa tètè bò. Lẹ́yìn náà ló mú mi wọ ilé ìdáná. Ó jókòó sórí àpótí, ó wá tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ba, ó sorí kọ́, ó di Ìyá Ìṣẹ́yìn lójú mi báyìí. Ẹ̀yìn ìyá yẹn ti tẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bó bá ń rìn, ilẹ̀ ló máa ń wò bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. "Àṣàkẹ́, mú téèpù yìí," ni ìyá mi wí láti inú àárín àyà rẹ̀ lọ́hùn-ún, "wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ojú mi." Mo wọ̀n ọ́n. Kò ga rárá, kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá orí sítóòfù. Ibẹ̀ ni pẹpẹ gbọ́dọ̀ wà. Nǹkan tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ ò wá rí i bí ó ṣe máa le tó.

Akọ̀wé dé pẹ̀lú irin àti òòlù, ó dúró ṣánṣán níwájú ògiri, ó sì fi ọwọ́ lé ibi tí imú tirẹ̀ dé. Akọ̀wé ga. Ní ìdílé bàbá mi, wọ́n ti ń ga láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sí iṣẹ́ kankan tí wọ́n ṣe fún un, síbẹ̀ wọ́n ń yangàn.

"Akọ̀wé ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o," ni ìyá mi wí, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀. "Mo ní, ojú ẹni tó bá jókòó, ṣé ó máa tó ibẹ̀ yẹn?"

"Ìyàwó mi, ta ló ń jókòó nínú kíṣìnì? Ní Maitama, ìdúró ni wọ́n fi ń dáná."

"Bẹ́ẹ̀ ni o. Àmọ́ ẹ̀yìn àgbà kì í nà padà, ọkọ mi."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀," ni Akọ̀wé wí. Ó rò pé ìyá mi ń yin òun ni. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ti Akọ̀wé, bó bá dénú rẹ̀, á bá iyán níbẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ sùn lọ.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò fi wí fún un gbangba. Mo ti bi í léèrè nígbà tí mo dàgbà, ó wò mí bí ẹni tó bi í pé kí ló dé tí kò bọ́ra sílẹ̀ lójú ọjà. Ìyàwó kì í kọ́ ọkọ níṣẹ́. Ohun tó lè ṣe ló ṣe. Kí Akọ̀wé tó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ, ó fa ìlà funfun gbọọrọ sára ògiri níbi tí mo wọ̀n. Akọ̀wé dé, ó rí i, ó kígbe, "Ta ló ń fi ṣọ́ọ̀kì ṣeré níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́? Àṣàkẹ́!" Ó fa etí mi dáadáa. Mo wo ìyá mi. Ìyá mi ń wo inú ìkòkò. Akọ̀wé fi àkísà nu ìlà náà kúrò. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, ìlà aláwọ̀ búlúù ti wà níbẹ̀, ó sì tún nù ún, etí kejì ni ó fà lọ́tẹ̀ yìí kí méjèèjì lè dọ́gba. Ẹran tí ìyá mi fi sí oúnjẹ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn tóbi ju ti bàbá mi lọ. Bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì nílé wa nìyẹn, mi ò sì kọ̀ ọ́.

Ó ku bàbá mi, ọkọ gan-an, ẹni tó lè sọ̀rọ̀ tí àbúrò rẹ̀ á gbọ́. Ìyá mi lọ bá a nídìí rédíò.

"Bàbá Àṣàkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá Akọ̀wé sọ ọ̀rọ̀ pẹpẹ yẹn. Ó ti ga jù."

Bàbá mi ronú sí i gidigidi. "Kò ga," ló wí. "Ìwọ ni o kúrú." Ó wá yí rédíò sókè, nítorí pé ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀, ayé sì ní àwọn ìṣòro tó tóbi tó ń dúró dè é.

Bí Akọ̀wé ṣe gbẹ́ pẹpẹ síbi tí imú rẹ̀ dé nìyẹn. Ìtòjọ tí ìyá mi ṣe sórí ẹní, ó yìn ín, ó ní ó mọ̀ ọ́n tò, ó sì da gbogbo rẹ̀ rú. Ó kó àwọn olódòdó lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ó kó àfọ́kù wá sí ìsàlẹ̀, láti orí pèpéle dé ibi tí ojú ẹni tó jókòó mọ. Ó ní ta ló ń wo ẹsẹ̀ ògiri? Ìyá mi ní, "Èmi ni, ọkọ mi, ibẹ̀ ni mò ń jókòó sí." Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí, ó ní ìyàwó òun mọ àwàdà. Nígbà tí sìmẹ́ńtì gbẹ, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àwo láti abẹ́ ibùsùn, tó gbé e sí pẹpẹ, tó pe Ìyá Ládì wá wò ó. Ìyá Ládì ní, "Kai!" Àwọn aládùúgbò wá. Wọ́n dúró, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní ó dára. Ó sì dára, mi ò ní parọ́. Òdòdó inú táìsì àti òdòdó ara àwo bá ara wọn mu bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Ìyá mi kò lè gbé e kúrò mọ́, nítorí bó bá gbé e kúrò, ó ti sọ fún gbogbo ayé pé iṣẹ́ ọkọ òun kò dáa. Bó bá fẹ́ nù ún, àpótí ló ń gùn, á na ọwọ́, a ó sì máa ké "jẹ́jẹ́ o!" láti ìsàlẹ̀.

Ìyá Ìṣẹ́yìn dé pẹ̀lú èlùbọ́ nínú àpò àti adìyẹ kan tó ti ń bá a jà láti ilé. A kúnlẹ̀, ó fi oríkì kí wa títí omi fi bọ́ lójú ara rẹ̀. Bàbá mi fi àga pálọ̀ lọ̀ ọ́. Ó jókòó sí i díẹ̀, ó ní àga náà fẹ́ gbé òun mì, ó dìde, ó gba ilé ìdáná lọ. Kò sí ẹni tó fi ọ̀nà hàn án, òórùn ẹ̀gúsí ti tó. Ó jókòó sórí àpótí. Ìyá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, téèpù lọ́rùn. Akọ̀wé ti fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, ó ti wọ ẹ̀wù tó fi ń lọ kírun.

"Ìyá," ló wí, "ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yín!"

Ìyá Ìṣẹ́yìn wò ó. Ojú rẹ̀ rìn lára ògiri láti ọ̀tún sósì, ní ibi tó lè dé. "Làmídì," ló wí, "àfọ́kù ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ilé àwọn olówó?"

"Rárá, Ìyá! Ẹ gbójú sókè. Òkè lọ́hùn-ún."

Ó gbìyànjú. Ó di àpótí mú, ó ti àgbọ̀n rẹ̀ síwájú, ọrùn náà kò gbà. Ó rí sítóòfù, ó rí àfọ́kù, ó rí orúnkún ṣòkòtò Akọ̀wé. "Ọrùn mi kò ṣe òkè mọ́, ọmọ mi," ló wí. "Ó tó bẹ́ẹ̀. Kí tilẹ̀ lẹ máa gbé síbẹ̀?" Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rere, ẹ̀rín tí kò ní ìkà kankan nínú, ó fọwọ́ kan itan ìyá mi. "Ìyàwó mi tó dé bí ẹni tó ń lọ ra ata."

Mo rí ìyá mi. Mo ti rí i tó ń bínú rí, mo ti rí i tó ń sunkún, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn kò lórúkọ. Àwo ìyá rẹ̀ wà lókè orí ìyá ọkọ rẹ̀ gan-an. Ó kúrú, ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó o. Àpótí kan ṣoṣo tó wà nílé ìdáná, Ìyá Ìṣẹ́yìn ló wà lórí rẹ̀, ta ló sì máa ní kí ìyá ọkọ dìde? Ó yíjú sí àbúrò ọkọ rẹ̀, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. "Akọ̀wé ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé àwo yẹn wálẹ̀."

"Fi í síbẹ̀ jàre, ìyàwó mi," ni Akọ̀wé wí. "Ohun tí wọ́n bá gbé sí pẹpẹ, wọn kì í sọ ọ́ kalẹ̀. Ní Maitama..."

"Làmídì!"

Ẹ̀yin ará mi! Orúkọ tí ìyá mi kò fi ẹnu kàn láti ọjọ́ tó ti wọ ilé bàbá mi, ó jáde ní odindi, níwájú ẹni tó sọ ọmọ náà lórúkọ. Ní pálọ̀, bàbá mi tí kì í yí rédíò wálẹ̀ fún ọba yí i wálẹ̀. "Làmídì," ni ìyá mi tún wí, kò pariwo, "gbé àwo ìyá mi wálẹ̀."

Akọ̀wé gbé e wálẹ̀. Mi ò rò pé ó mọ̀ pé òun ń gbé nǹkan. Ìyá mi gbà á, ó kúnlẹ̀, ó gbé e lé Ìyá Ìṣẹ́yìn lórí itan, níbi tí ojú rẹ̀ ti ń wò láti ọdún pípẹ́ wá. Ó ṣí ọmọrí, ó wo inú rẹ̀. Ó fi ìka tọ òdòdó rẹ̀ yí po. Ó fi èékánná kàn án, ó tẹ́tí sí i, ó tún kàn án.

"Ta ló ni í?"

"Èmi ni, mà. Ìyá mi ló rà á sílẹ̀ fún ìgbéyàwó mi kó tó kú."

"Láti ìgbà yẹn? Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí, mà."

Kò sí ata tó ta tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjà Garki. Bàbá mi ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá Ìṣẹ́yìn wo ọwọ́ ara rẹ̀ lára àwo náà títí. Èmi rò pé ìpàdé ẹbí ló máa pè. Ohun tó wí ni pé, "Làmídì, ẹnì kan pè ọ́ nísinsìnyí. Ṣé o dáhùn?"

"Ìyá, ṣebí mo ti gbé e wá..."

"Mo ní ṣé o dáhùn?"

Akọ̀wé wo ògiri, ó wo pẹpẹ, kò sí ìrànlọ́wọ́ láti Maitama. "Mà," ló wí, ìyá mi ló sì wí i fún.

"Ó dáa." Ìyá Ìṣẹ́yìn na àwo sí ìyá mi. "Bu oúnjẹ mi sí i."

Ìyá mi kò gbà á. "Kò sẹ́ni tó jẹun nínú rẹ̀ rí, mà."

"Mo mọ̀," ni ìyá àgbà wí. "Ìyá rẹ ti ń dúró dè mí tipẹ́. Bù ú wá, kí ebi má pa mí lójú rẹ̀."

Ó jẹun nínú rẹ̀, nílé ìdáná, níwájú àfọ́kù táìsì, ó sì fi ìka lá a. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì sọ pé àlùbọ́sà ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ti padà sí "Akọ̀wé ọkọ mi", kò sì pe orúkọ yẹn mọ́ títí Akọ̀wé fi hewú. Ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó. Wọ́n ní nígbà tí Ìyá Ìṣẹ́yìn padà délé, bó ṣe ń ròyìn àwo náà láti ojúlé dé ojúlé, ó ti di ẹrù ọkọ̀ akẹ́rù kan kó tó dé òpin àdúgbò, ọ̀rọ̀ ata sì kú láìsí ìsìnkú. Ní ti pẹpẹ olówó iyebíye wa, àtùpà, ìṣáná àti àrọ tí a fi ń rọ epo òyìnbó ló ń gbé ibẹ̀ títí a fi kó kúrò, gbogbo ohun tí wọn kò fẹ́ kí ọwọ́ ọmọdé tó. Ó wúlò gan-an. Maitama káre.

Àwo náà ṣì wà títí di òní, òun àti àpótí ni ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Lóṣù tó kọjá, mo pe onítáìsì kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní, kó wá lẹ táìsì sí ìdáná mi, kó sì gbẹ́ pẹpẹ sí i fún àwo náà. Ó fi fóònù hàn mí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo láyé. Ó dúró ṣánṣán níwájú ògiri, ó gbé ọwọ́ síbi tí imú rẹ̀ dé. "Màdámù, ibí ni ojú máa ń wò." Mo fa àpótí jáde, mo ti í sí i lẹ́sẹ̀. Mo ní kó jókòó ná, kó tẹ ẹ̀yìn ba, kó tó mú téèpù.